Àyè Ìyàwó Kan

Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ẹni tó pa òwe yẹn kò tíì dé Àyèká kó rí Sìlífátù. Obìnrin náà ń jowú, ó sì ń sanra, àfi bíi pé owú ló fi ń jẹ pupuru. Òun náà ló sì ń ṣe pupuru tó dára jù ládùúgbò. Á rẹ ẹ̀gẹ́ sómi títí yóò fi rọ̀, á fún omi rẹ̀ dànù, á mọ ọ́n roboto, á tò ó sórí àjà lókè iná, èéfín á sì máa yan án títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi dúdú. Láti ìgbà tí Nùrẹ́nì ọkọ rẹ̀ ti fẹ́ Dáraọlá lé e, kò sí ohun tó wọ ilé tí kì í fojú wọ̀n. Bí ọkọ bá ra ẹja bọ̀, á wo ẹni tó gba orí, á wo ẹni tó gba ìrù.

Nùrẹ́nì ń wa ọkọ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ kan ní Okitipupa. Ní ọdún tí à ń wí yìí, ilé ẹ̀kọ́ náà fi àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú ètò adójútòfò ìlera, èyí tí gbogbo ilé kàn ń pè ní káàdì. Bí àìsàn bá dé sí ẹni tó ní in, ilé ìwòsàn á tọ́jú rẹ̀, àwọn tó ni ètò á sì san èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ibi tó ti wọ́ ni pé káàdì gba òṣìṣẹ́, ó gba ọmọ mẹ́rin, ó sì gba ìyàwó kan ṣoṣo. Ẹni tó ṣe òfin yẹn, ó dájú pé kò sí orogún nílé tirẹ̀.

Nùrẹ́nì kì í fẹ́ ariwo, ló bá ní kí Juliet wá ṣàlàyé. Juliet ni ọmọbìnrin tó ń bá àwọn tó ni ètò náà ṣiṣẹ́ kiri Àyèká àti Àjàgbà. Ó jókòó níwájú ilé, fóònù lọ́wọ́, ìyáálé lápá kan, ìyàwó kékeré lápá kejì. Ó ní ẹni tí káàdì ọkọ kò bá gbà, ọkọ lè ra tirẹ̀ lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń gbà lórí ti ọ̀tọ̀ kì í ṣe bákan náà fún gbogbo ènìyàn. Bí ọjọ́ orí bá ti ń ga ni owó ń ga. Bí àìsàn bá ti wà lára tẹ́lẹ̀, owó á tún gòkè, ẹni náà á sì dúró fún oṣù díẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àìsàn yẹn. Bó bá sì jẹ́ ilé ìwòsàn àwọn olówó lèèyàn ń fẹ́, ìyẹn náà ní iye tirẹ̀. Káàdì ibi iṣẹ́ kì í béèrè ọjọ́ orí, kì í béèrè àìsàn. Bó ṣe gba ọ̀dọ́ ló ṣe gba àgbà.

Nùrẹ́nì gbọ́ ọ, ó rò ó wò. Ó ní kí Ìyá Zulkifli, ìyẹn Sìlífátù, wọ káàdì tòun, kí òun ra ti ọ̀tọ̀ fún Dáraọlá tí ọjọ́ orí rẹ̀ ṣì kéré. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni, ṣùgbọ́n etí òjòwú kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ohun tí Sìlífátù gbọ́ ni pé wọ́n fẹ́ há òun mọ́ àárín àwọn ọmọ nínú káàdì ọ̀fẹ́, kí wọ́n wá fi owó gidi ra tuntun fún ìyàwó kékeré, fọ́tò tirẹ̀ nìkan lórí rẹ̀. Ó ní èyí tí wọ́n bá fowó rà ni ti ìyáálé, kí Dáraọlá wọ inú ọ̀fẹ́. Nùrẹ́nì bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà.

Juliet wá kọjú sí i. "Màmá, ṣé àìsàn kankan wà lára yín tẹ́lẹ̀? Bí ìtọ̀ ṣúgà, bí ẹ̀jẹ̀ ríru?"

Dáraọlá wà níbẹ̀, ó ń fún Mùhámádù ọmọ rẹ̀ lọ́yàn, ara rẹ̀ ń dán. Báwo ni ìyáálé yóò ṣe lanu níwájú orogún, kó ní ara òun ti ń yẹ̀?

"Ara mi le," ni Sìlífátù wí. "Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe mí."

Irọ́ ni. Ó ti pẹ́ tí dókítà ti sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Kò sọ fún Nùrẹ́nì pàápàá, nítorí ẹ̀rù ń bà á kí ọkọ má baà sá fún aláìsàn lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá. Nídìí iná pupuru ló ti ń lo oògùn ní ìkọ̀kọ̀. Bó bá ti gbé e mì, á ju bébà dídán tí wọ́n fi dì í sínú iná.

Káàdì dé. Sìlífátù fi tirẹ̀ han aládùúgbò, ó fi han oníbàárà, ó gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ ní Àjàgbà. Síbẹ̀ owú kò yó. Bó bá ti rí orúkọ Dáraọlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Nùrẹ́nì lórí káàdì kejì, á ní wọ́n ti kọ àwọn méjèèjì pọ̀ bí ẹni pé òun kò sí nílé. Ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ tì dànù ló tún ń dùn ún. Ẹ bá mi wo irú èyí.

Ìgbà kan wá dé tí oògùn rẹ̀ tán tí ọjà kò sì tà. Kò lè tọrọ owó lọ́wọ́ ọkọ láìsọ ohun tó fẹ́ fi rà, ló bá ń ṣiṣẹ́ lọ láìlo oògùn. Ó ń to pupuru sórí àjà ní ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ó sì ṣubú lulẹ̀. Dáraọlá ló sáré wọ́ ọ kúrò nídìí iná, tó sì ké pe Nùrẹ́nì. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Okitipupa.

Dókítà béèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru tẹ́lẹ̀. Nùrẹ́nì ní rárá. Dáraọlá wolẹ̀.

"Ó ti pẹ́, sà," ló wí. "Èmi ni mo máa ń kó eérú ìdí iná wọn láràárọ̀. Bébà oògùn yẹn kì í jóná tán, orúkọ rẹ̀ ṣì máa ń hàn."

Àwọn tó ni ètò ní àwọn kò ní sanwó, pé àìsàn àtijọ́ ni, ẹni náà sì ti sọ pé ara òun le. Nùrẹ́nì ta àgbò tó ń sìn de Iléyá kó tó lè gbé aya rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àgbò ló ń jẹ Sìlífátù lọ́kàn lórí ibùsùn. Orogún rẹ̀ mọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, kò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wá ibi tó burú nínú ìyẹn títí, kò rí i, inú sì bí i pé kò rí i. Níkẹyìn ó bi í léèrè.

"Kí ló dé tí o kò sọ lójú Juliet?"

"Ìyáálé mi ló ní ara òun le," ni Dáraọlá dáhùn. "Ta ni mí tí n ó ní irọ́ ni?"

Nígbà tí ọdún yí, tí àyè ṣí láti pààrọ̀ orúkọ, Juliet padà wá. Kí Nùrẹ́nì tó sọ̀rọ̀, Dáraọlá ní kí wọ́n yọ orúkọ òun, kí wọ́n fi ti Ìyá Zulkifli síbẹ̀, kí wọ́n ra ti ọ̀tọ̀ fún òun bí Bàbá ṣe wí ní ìjọ́sí. Juliet kò béèrè àìsàn kankan lọ́wọ́ Sìlífátù lọ́tẹ̀ yìí.

Nùrẹ́nì ní kó dúpẹ́. Sìlífátù ní, "O ṣé," ó sì wọlé lọ. Owú ṣì ń ta á láyà, ó tilẹ̀ ta á ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àyè kan náà ni. Ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ nà án sí i, ó kọ̀ ọ́. Ọwọ́ orogún ló ti wá gbà á.