Aró Lẹ Rí Yẹn, Dókítà

Mo rántí ìgbà tí mo rò pé ẹ̀rọ kì í purọ́. Dókítà tuntun ni mí nígbà náà, ní yàrá tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le jù ní ilé ìwòsàn kan l'Abẹ́òkúta, mo sì ń fọ́nnu kiri bí ẹni tó ti jí òkú dìde rí. Olúkúlùkù wa ló ní ìwé tirẹ̀: dókítà ní tirẹ̀, nọ́ọ̀sì ní tirẹ̀, apoògùn náà ní tirẹ̀. Èmi, kí n ka ìwé nọ́ọ̀sì? Kí n wá rí kí níbẹ̀?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n gbé ìyá aláró kan wá láti Ìtókù. Òtútù àyà ti dá a wó, ọkàn rẹ̀ kò sì lágbára. Mo fi ẹ̀rọ kékeré tó ń ka afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ há a níka; nọ́ńbà tó gbé jáde bà mí lẹ́rù. Mo wo èékánná rẹ̀, ó ti dúdú. Mo pariwo pé ìyá ń lọ, kí apoògùn tètè po oògùn oorun, kí n lè ki rọ́bà tí yóò máa bá a mí bọ̀ ọ́ lọ́fun. Bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí yẹn, ó ṣeé ṣe kó má jí nínú oorun náà mọ́. Apoògùn mọ̀ bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá dókítà jiyàn?

Ìyá náà fúnra rẹ̀ ló fa ìbòmú tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé sí i nímú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Dókítà, aró lẹ rí yẹn o. Ṣé ẹ kì í ṣe ọmọ Ẹ̀gbá ni?"

Nọ́ọ̀sì àgbà yọ ẹ̀rọ kúrò níka, ó fi há a létí, níbi tí aró kò ti lè tàn án jẹ. Nọ́ńbà náà gòkè, kò tíì dé ibi tó wù wá, àmọ́ ọ̀rọ̀ rọ́bà ti kúrò níbẹ̀.

"Mà, ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé wa látìgbà tí wọ́n ti gbé wọn dé. Ẹ ò kà á ni."

Ojú tì mí gan-an. Aláró ni ìyá tó bí ìyá mi. Irú ọwọ́ dúdú bẹ́ẹ̀ ló fún mi lẹ́kọ jẹ dàgbà. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè. Tèmi ò tó pẹpẹ, kò sì wọ kèrègbè.

Ọ̀sẹ̀ yẹn la kó ìwé wa pọ̀ di ẹyọ kan. Láràárọ̀, gbogbo wa ń dúró yí ibùsùn ká, ẹni tó kéré jù ló sì ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀gá kan kùn pé ọmọdé kì í ṣáájú àgbà sọ̀rọ̀. Apoògùn tó dákẹ́ lọ́jọ́sí ló dá wọn lóhùn: "Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ kí aláìsàn tó kú, sà."

Ìyá aláró fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé.

Èmi náà ti ń hewú báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nọ́ọ̀sì kan tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ sọ fún mi lójú gbogbo èèyàn pé mo ṣì í. Ó dùn mí. Òótọ́ ló sì sọ. Kí n tó wo ẹ̀rọ kankan lónìí, mo máa ń tẹ̀ sún mọ́ etí aláìsàn, mo máa ń bèèrè pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"