Rọ́bà Ìtọ̀ Dádì

Awakọ̀ takisí ni bàbá mi ní ìlú Swords, kí àìsàn próstéètì tó mú wọn jókòó sílé. Wọ́n fi rọ́bà tí ìtọ̀ ń gbà jáde sí wọn lára, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí kòkòrò àrùn fi ń dé inú rẹ̀. Àwọn kòkòrò náà á kóra jọ, wọ́n á ṣe nǹkan yíyọ̀ kan bo ara wọn, bí èyí tó ń wà nínú páìpù omi ìdọ̀tí, oògùn ò sì ní ràn wọ́n. Ibà á wá dá Dádì dùbúlẹ̀.

Iṣẹ́ ìwádìí tí mò ń ṣe ní yunifásítì kò jìnnà sí ìyẹn. A máa ń lọ já ewéko òkun ní etí òkun Dún Laoghaire, nítorí pé àwọn bakitéríà kan ń gbé lára rẹ̀ tí wọ́n ń tú ohun kan jáde, tí àwọn yòókù kì í fi í rí ibi lẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kan, mo fi ohun náà kun rọ́bà kékeré kan nínú láàbù. Mo kó kòkòrò sí i, síbẹ̀ rọ́bà náà mọ́ tónítóní. Inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò rẹ̀, mo sì fi han Dádì nígbà tí mo délé.

Wọ́n wò ó títí. "Ṣé o ò lè fi díẹ̀ kun tèmi náà?"

"Rárá, Dádì. A ò tíì mọ ohun tó máa ṣe lára èèyàn. Ó ṣì máa pẹ́."

"Èmi ni mo ní kí o dán an wò. Mi ò ní pè ọ́ lẹ́jọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wọn ò ṣàwàdà. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má béèrè mọ́.

Kò pẹ́ sí i tí ibà náà tún dé. Áńbúláǹsì gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn ní Blanchardstown. Nígbà tí nọ́ọ̀sì yọ rọ́bà náà, mo rí nǹkan yíyọ̀ yẹn lára rẹ̀, mi ò sì lè wo ojú Dádì. Mo mọ̀ pé ó tọ́ bí mo ṣe kọ̀. Fọ́tò yẹn ló ń dùn mí. Kí ni mo fẹ́ kí wọ́n fi ṣe?

Oògùn tí àwọn dókítà fà sí Dádì lára ṣiṣẹ́, a sì padà sílé. Nínú mọ́tò, mo ní, "Dádì, ẹ má bínú nípa fọ́tò yẹn."

"Fọ́tò wo?" Wọ́n yíjú sí wíńdò. "Grand ni, kò sí wàhálà, jàre."

Wọ́n ṣì máa ń béèrè iṣẹ́ mi, àmọ́ bóyá mo jẹun ni, àti bóyá òtútù ò pọ̀ létí òkun. Mo máa ń dá wọn lóhùn. Mi ò sì tíì sọ fún wọn pé iṣẹ́ náà ń tẹ̀ síwájú.