Obìnrin Ẹnu Ọ̀nà Ilé Ìdáná

Ní yunifásítì tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ìmọ́tótó, nítòsí Decatur ní Amẹ́ríkà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan wà tí wọ́n fi fọ́tò ìtàn ilé ìwé náà kọ́ sí ògiri. Èmi ni mo máa ń nu gíláàsì wọn. Pírámárì karùn-ún ni mo kà dé, nítorí náà mi ò kọ́ ìtàn yẹn nínú ìwé. Ìdí gíláàsì ni mo ti kọ́ ọ.

Nínú fọ́tò àkọ́kọ́, ilé bíríkì kan ṣoṣo ló dá dúró láàárín pápá, màlúù méjì ń jẹko lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn òyìnbó onírùngbọ̀n tò jókòó. Bí mo bá ṣe ń nù ún lọ ni ilé ń pọ̀ sí i tí pápá ń dín kù. Àwọn obìnrin dé. Ó pẹ́ gan-an kí akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú tó dé, àwọn méjì, wọ́n gbá ìwé mọ́yà, wọn ò rẹ́rìn-ín. Ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ọsibítù ńlá àti àwọn ilé onígíláàsì tí à ń rí lónìí wà.

Ṣùgbọ́n kí àwọn méjì yẹn tó dé ni aláwọ̀ dúdú kan ti wà nínú fọ́tò. Obìnrin kan ni, ó so épírọ́ọ̀nù mọ́dìí, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé: òṣìṣẹ́ ilé ìdáná, a kò mọ orúkọ rẹ̀.

"Irọ́ ni wọ́n ń pa," ni Màmá sọ fún mi lọ́jọ́ kan. "Ìyá mi nìyẹn."

Màmá ni ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, àgbàlagbà ọmọ Amẹ́ríkà, aláwọ̀ dúdú bíi tèmi. Àwọn ló kọ́ mi bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ ìnulẹ̀, àwọn ló sì ń bá mi sọ̀rọ̀ nígbà tí ojú ṣì ń tì mí láti sọ Gẹ̀ẹ́sì.

Nígbà tí yunifásítì fẹ́ tún ògiri náà ṣe, wọ́n ní kí ẹni tó bá ní fọ́tò àtijọ́ mú un wá sí láíbìrì. Màmá ní ọ̀kan nílé: ìyá wọn, épírọ́ọ̀nù yẹn kan náà, ẹnu ọ̀nà yẹn kan náà, ọmọbìnrin kékeré kan sì dì í lọ́wọ́ mú. Màmá ni ọmọ náà. Ẹyọ kan ṣoṣo tí wọ́n ní nìyẹn. Nígbà tí Màmá ń lọ ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún, wọ́n fi í sínú àpòòwé, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Bá mi gbé e dé láíbìrì, ọmọ mi. Má jẹ́ kó sọnù o."

Mo gbé e dé ẹnu ọ̀nà láíbìrì, mo sì gbé e padà sílé. Mo fi í sáàárín Bíbélì mi.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, àwọn kan ti wá sílé wa láti ilé ìwé gíga tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí ìlú wa. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, wọ́n ní kí bàbá gbé ìwé ilẹ̀ wá kí àwọn fi ṣe fọ́tòkọ́pì. Bàbá kò rí ìwé náà mọ́. Géètì ilé ìwé yẹn ló wà lórí oko ẹ̀gẹ́ wa títí dòní.

Ẹni tó ń gba fọ́tò ní láíbìrì náà ń rẹ́rìn-ín jù, bíi tiwọn. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, ọmọ Yorùbá. Kò lè jù mí lọ púpọ̀, ṣùgbọ́n Àǹtí ni mò ń pè é. Ó wá bá mi lọ́dẹ̀dẹ̀.

"Àbúrò, Màmá ní ìwọ ni àwọn máa fi fọ́tò yẹn rán. Ṣé wọ́n ti fún ẹ?"

"Rárá, Àǹtí." Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀.

"Ha! Fúráìdè la máa kó gbogbo ẹ̀ fáwọn tó máa tẹ̀ ẹ́ o. Tá ò bá rí i, 'a kò mọ orúkọ rẹ̀' yẹn náà la máa tún tẹ̀. Kí lorúkọ Màmá, kí n wá nọ́ńbà wọn?"

"Màmá ni."

"Mo mọ̀ pé Màmá ni. Orúkọ wọn gangan ńkọ́?"

Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í nu gíláàsì. Ọdún mẹ́ta la ti jọ ń ṣiṣẹ́. Mo mọ irú kọfí tí wọ́n ń mu, mo mọ orúnkún tó ń dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bi àgbà pé kí lorúkọ yín?

Àǹtí bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wò ó! Ìwọ àti ògiri yìí, ẹ ò mọ orúkọ ẹnì kankan!"

Ó fi ṣeré ni, àmọ́ ó dùn mí wọra. Mo wo obìnrin inú gíláàsì náà. Tí mo bá pa fọ́tò yẹn mọ́ di Fúráìdè, a jẹ́ pé èmi ni mo tún 'a kò mọ orúkọ rẹ̀' yẹn kọ.

Bí mo ṣe parí iṣẹ́, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé Màmá. Wọ́n na ẹsẹ̀ sórí àga. Mo kúnlẹ̀.

"Kí lò ń wá lábẹ́ àga mi?"

"Mò ń kí yín ni, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ yín?"

Màmá wò mí títí. "Ọdún mẹ́ta lo fi ń jẹ kéèkì mi! Ṣebí ó wà lára káàdì tó wà láyà mi."

"Mi ò kì í wo àgbà lójú, Mà, áńbọ̀sì àyà. Ilẹ̀ ni mo máa ń wò."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di orúnkún mú. Ìgbà tí ẹ̀rín tán, wọ́n ní, "Fọ́tò mi dà?"

Mo jẹ́wọ́. Mo sọ ti ìwé ilẹ̀ bàbá mi. Mo rò pé wọ́n máa bínú.

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo fọkàn tán àwọn ará láíbìrì?" ni Màmá wí. "Ìwọ ni mo fún. Dúró tì í kí wọ́n fi ẹ̀rọ yà á, kó o gbé e padà wá fún mi."

Wọ́n pe orúkọ tiwọn àti ti ìyá wọn fún mi, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, mo kọ ọ́ sínú ìwé.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé fọ́tò náà lọ fún Àǹtí ní láíbìrì, mo sì dúró ti ẹ̀rọ tó fi ń yà á.

"Lọ jókòó, jàre. Ṣé o rò pé mo fẹ́ jẹ ẹ́ ni?"

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Ibí yìí tẹ́ mi lọ́rùn."

Mo ní kó kọ orúkọ méjèèjì níṣojú mi. Ó kọ ọ́. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Nígbà tí mo dá a padà, Màmá gbé fọ́tò náà sójú fèrèsé, wọ́n wo iwájú, wọ́n wo ẹ̀yìn. "Ṣé òun gan-an nìyí?"

"Òun ni, Mà. Mi ò kúrò nídìí ẹ̀."

Wọ́n tì í bọ abẹ́ ìrọ̀rí.

Orúkọ ìyá Màmá ti wà lábẹ́ gíláàsì báyìí. Ìwé tí mo kọ ọ́ sí ṣì wà nínú àpò aṣọ iṣẹ́ mi. Láràárọ̀, tí mo bá nu gíláàsì náà tán, mo máa ń yọ ọ́ láti fi wé orúkọ tó wà níbẹ̀. Kò tíì yí padà. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì kọ́lé tán ní yunifásítì yìí. Wọ́n ń da sìmẹ́ńtì lọ́wọ́ lẹ́yìn fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wa ohun tí wọ́n fẹ́ wó. Tí fọ́tò yẹn bá kúrò níbẹ̀, èmi ni mo máa kọ́kọ́ mọ̀.