Bẹ́ńṣì Ìta Ṣọ́ọ̀ṣì

Nígbà tí ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ rélùwéè l'Òṣogbo, bí nǹkan oṣù mi bá ti kù díẹ̀ kó dé, n kì í mọ ara mi mọ́. Ọmú á máa dùn mí, ara á wúwo, ẹkún á kàn máa bọ́ láìnídìí. Lẹ́yìn náà ni ìbínú. Ìró ṣíbí lára abọ́ lásán tó láti mú mi bú ramúramù. Àwọn ẹbí ọkọ mi á ní, "Ọmọ òṣómàáló tún ti gbé tiẹ̀ dé láti Iléṣà." Wọ́n fi ń ṣàwàdà ni, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí wọ eegun.

Ìyá ọkọ mi mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀mí ìbínú ló ń dà mí láàmú. Wọ́n gbàdúrà, mo gbààwẹ̀, ara mi sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n nǹkan oṣù ti dé nígbà yẹn, obìnrin tó bá sì ń ṣe é kì í wọ ilé Ọlọ́run lọ́dọ̀ wọn. Orí bẹ́ńṣì ìta ni mo jókòó sí, n kò lè wọlé lọ jẹ́rìí. Nígbà tí oṣù yípo, ìbínú padà dé, wọ́n ní àìjẹ́rìí mi ló fà á. Ẹ̀mí wo ló ń wo kàlẹ́ńdà kó tó wá? Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a yí, títí ó fi sú ọkọ mi. Ó gbé àpótí mi sẹ́nu ọ̀nà, ó ní tó bá di ọjọ́ Ajé, òun á dá mi padà fún bàbá mi, ọmọ wa á sì dúró lọ́dọ̀ òun.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ṣáájú rẹ̀, mo tún wà lórí bẹ́ńṣì. Ọmọ wa ń sunkún nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá ọkọ mi sì gbé e jáde wá bá mi. Mo gbà á, mo rọra rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ó dákẹ́. Ìyá wò mí títí.

"Ìyàwó mi, ta ló gbàdúrà fún ọ láàárọ̀ yìí?"

"Kò sẹ́nì kankan, Màmá."

"Ìbínú ọ̀hún ńkọ́?"

"Ó lọ lánàá tí nǹkan oṣù dé. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Ìyá ọkọ mi, tí nǹkan oṣù tirẹ̀ ti dá tipẹ́, jókòó tì mí lórí bẹ́ńṣì yẹn. Kò padà wọlé títí ìsìn fi parí.

Nílé, ó dúró níwájú àpótí mi, ó pe ọkọ mi.

"Ọmọ mi, kí ni wọ́n sọ fún ọ pé ó mú mi kúrò lọ́dọ̀ bàbá rẹ?"

"Wọ́n ní ìbínú yín pọ̀ jù, Màmá."

"Ohun tó ń ṣe ìyàwó rẹ yìí náà ló ṣe mí. Ìdó-Ọ̀ṣun, ilé bàbá mi, ni wọ́n dá mi padà sí, orogún mi ló tọ́ ọ. Ṣé o ti gbàgbé bó ṣe rí?"

Ọkọ mi gbé àpótí náà padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó wá gba ọmọ lọ́wọ́ mi, kò sì gbé e sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.