Ọmọláńgidi Tó Dẹtí Sílẹ̀

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tójú mi rí ní Agége, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí ní onírọ́ o!

Àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéjọba sílẹ̀ fún alágbádá nígbà yẹn. Ọmọláńgidi ni mò ń ṣe tà. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Màá rẹ àpò sìmẹ́ǹtì sómi, màá gún un pọ̀ mọ́ gúlù, màá fi mọ ojú èèyàn. Àjákù aṣọ láti ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà ni mo fi ń rán ìró wọn. Ojú méjì kì í jọra, inú orí mi ni gbogbo wọn ti ń jáde. Àbí èmi ni mo rò bẹ́ẹ̀?

Èyí tí mò ń sọ yìí, ìyá àgbà ni mo fi ṣe. Ibi tí mo ti ń kọlà sí i lẹ́rẹ̀kẹ́ ni bíléèdì ti yọ̀, ilà òsì bá wọ́ dé ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Mo fẹ́ dí i, àmọ́ ó kàn wù mí bẹ́ẹ̀. Mo gbé e sójú wíńdò kó gbẹ.

Ni Màmá Adó, aládùúgbò mi, bá ń kọjá. Wọ́n dúró gbagidi. Wọ́n ní ta ló fojú ìyá àwọn hàn mí? Ìyá tó kú nígbà táwọn wà ní kékeré, tí kò ya fọ́tò rí! Wọ́n ní ọjọ́ tí olóòlà ń kọlà fún un ló gbọnrí, tí abẹ fi wọ́ dé ẹnu. Ojú náà ti ń parẹ́ lọ́kàn àwọn, kí n jọ̀ọ́, kí n fún àwọn.

Orí mi wú! Àmọ́ màdáámú kan ní Aláúsá ti sanwó rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Màmá fi kún un pé etí òsì ìyá àwọn di, pé ó máa ń tẹ orí sọ́tùn-ún kó tó gbọ́rọ̀. Háà, mo rí ọ̀rọ̀ sọ! Mo ní kí wọ́n wò ó, ọrùn ọmọláńgidi tèmi dúró ṣánṣán, wáyà líle ló wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe ìyá wọn. Màmá sunkún wọlé. Àánú wọn ṣe mí, ṣùgbọ́n mi ò yíhùn padà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, màdáámú dé. Mo lọ gbé ọmọláńgidi. Yéè! Ọrùn ti tẹ̀ sọ́tùn-ún, bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ padà, kò gbà! Gúlù náà ti gbẹ koránkorán.

Mo dá owó màdáámú padà, mo gbé e lọ fún Màmá. Wọn ò bá mi wíjọ́. Wọ́n kàn kúnlẹ̀, wọ́n fẹnu sí etí ọ̀tún rẹ̀, wọ́n ní, "Ìyá mi, èmi nìyí o."

Mi ò dúró gbọ́ èsì! Eré ni mo sá jáde.

Láti ọjọ́ náà, tẹ́nì kan bá ní òun dá ojú tí mo ṣe mọ̀, mi ò bá a jiyàn mọ́. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ọwọ́ yín ti ṣe ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ò mọ̀ rí? Ẹ sọ ọ́ o, kó máà jẹ́ èmi nìkan.