Bàbá Tó Ń Dá Olórí Lóhùn Nínú Téèpù

Ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó wọ Igbó-Ọrà, tó lo wákàtí kan gbáko, tó sì padà láì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Bàbá Wúràọlá ló pa á lẹ́nu mọ́, kò sì lo kùmọ̀. Àpótí kékeré kan ló lò.

Ọdún 1975 ni. Ọ̀gbẹ́ni Adérógbà wá láti ilé iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn tó ń kó ohùn àwọn èèyàn ńlá pa mọ́. Ọ̀rọ̀ tí olórí kan sọ lórí rédíò lọ́dún 1964 ló ń wá, nípa bí Nàìjíríà yóò ṣe máa bá àwọn orílẹ̀-èdè òkèèrè lò. Ẹ̀dà tiwọn ti sọnù. Wọ́n wá a dé ìlú òyìnbó, wọn ò rí i. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Búrẹ́mọ̀ Àkànó tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Wúràọlá, ló wà.

Bàbá gbé ẹ̀rọ téèpù tó fi gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ síta, ó tẹ̀ ẹ́. Olórí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òyìnbó, ògbufọ̀ sì ń tú u sí Yorùbá.

"Nàìjíríà kò ní ṣe ẹrú orílẹ̀-èdè kankan!" ni ògbufọ̀ wí.

"Ẹ ṣeun, sà! Ẹ tún un sọ kí wọ́n gbọ́!" Ohùn Bàbá nìyẹn nínú téèpù, ketekete. Ewúrẹ́ kan náà dá sí i.

"A óò sì bá gbogbo ayé ṣọ̀rẹ́."

"Gbogbo ayé kẹ̀? Àwọn ará Lánlátẹ̀ tí wọ́n yá páǹpù tí mo fi ń fẹ́ táyà, tí wọn ò dá a padà ńkọ́?"

Bí olórí ṣe ń mẹ́nu ba àdéhùn, obìnrin kan kígbe láti ọ̀ọ́kán, nínú téèpù náà, pé oúnjẹ ń tutù.

Ọ̀gbẹ́ni Adérógbà nu ojú. "Kò burú, Bàbá. A óò gbé e lọ sí Ìbàdàn, a óò fi abẹ gé gbogbo ohùn tí kì í ṣe ti olórí kúrò."

"Ta lẹ fẹ́ gé?"

"Tiyín, sà. Àti ti ewúrẹ́. Àti ti ìyá yẹn."

Bàbá dìde. "Olórí wá sílé mi, ó bá mi nílé, mo dá a lóhùn. Ẹ wá fẹ́ kó máa dá nìkan sọ̀rọ̀ bí ẹni tórí ẹ̀ dàrú?"

"Ó dáa, Bàbá, a óò fi ewúrẹ́ sílẹ̀."

"Ewúrẹ́ gan-an lẹ lè gé. A ti jẹ ẹ́ tipẹ́, kò ní bínú. Àwa yòókù, ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wá."

Lọ́jọ́ kejì, Adérógbà mú lẹ́tà àti ọlọ́pàá wá. Bàbá ti gbé ẹ̀rọ sórí àpótí ìjókòó dè wọ́n. Ó na gbohùngbohùn sí ọlọ́pàá lẹ́nu. "Ọ̀gá, ẹ káàárọ̀. Orúkọ yín, ipò yín, àti ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀. Ẹ sọ ọ́ síbí, kó lè wà pẹ̀lú ti olórí títí ayé." Ọlọ́pàá wo téèpù tó ń yí. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó mu omi, ó jẹ àgbàdo sísun méjì, ó kí ẹ̀rọ ní sálúùtù, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọwọ́ tísà Ọláyẹmí ni ẹ̀rọ yẹn ti wá, nígbà tí ìjọba gbé tísà kúrò ní Ayétẹ̀ lọ sí Sókótó. Alùpùpù tísà dẹnu kọlẹ̀ lọ́nà, Bàbá fi okùn ewúrẹ́ so ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tísà sì fi ẹ̀rọ náà san owó iṣẹ́. Alùpùpù náà gbé tísà dé Sókótó. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó lọ bi wọ́n ní Sókótó.

Bàbá kì í gba orin sílẹ̀. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ kọrin, kó wá kọ ọ́ lójú òun. Àdéhùn tí àwọn olórí wa bá ará òkèèrè ṣe ló yẹ kéèyàn fi pa mọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà sẹ́ lọ́la. Iwájú rédíò ló máa ń gbé gbohùngbohùn sí, gbogbo ariwo agboolé a sì bá olórí wọlé.

Bí olórí bá ń sọ̀rọ̀, gbogbo wa gbọ́dọ̀ ṣí fìlà. Gàníyù tó ń ta táyà ṣàṣìṣe lọ́jọ́ kan, ó wọlé tòun ti fìlà àti ariwo.

"Gàníyù, ṣé o ò rí i pé àgbà ń sọ̀rọ̀ ni?"

"Bàbá, inú àpótí mà ni wọ́n wà."

"Bí wọ́n ṣe wà nínú àpótí, ṣé ìyẹn sọ wọ́n di ọmọdé?"

Bátìrì tó bá kú, oòrùn ni Bàbá máa ń sá a sí, lórí ẹní tí Hàlímọ̀ ìyàwó rẹ̀ ń sá èlùbọ́ sí. Lọ́jọ́ kan, ìyá yìí ṣa bátìrì mẹ́ta kúrò nínú èlùbọ́. "Bàbá Wúrà, ṣé kí n ro olórí mọ́ ọkà fún yín ni?"

Bí bátìrì bá sì ń kú lọ, ohùn olórí a máa fà, a máa wúwo bí ẹni tí oorun ń kùn. Bàbá kì í gbà pé ẹ̀rọ ló fà á. A na ọwọ́, a pa á. "Àárẹ̀ ti mú wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi."

Ọdún 1978 ni Bàbá Wúràọlá dágbére fáyé. Lọ́jọ́ fídáù, Ọ̀gbẹ́ni Adérógbà dé. Kò mú ọlọ́pàá wá, ẹ̀rọ tirẹ̀ ló gbé lọ́wọ́. Wúràọlá, ọmọ olóògbé, ló gbà á lálejò.

"Ọdún 1967 ni ìyá mi kú," ló sọ fún un. "Wọn ò ya fọ́tò rí. Inú téèpù yìí nìkan ni ohùn wọn kù sí láyé. Ẹ rò pé ìjọba ni bàbá mi ń bá jà. Ohùn ìyàwó wọn ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ abẹ yín."

"Kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi?"

"Ẹ pe ìyá mi ní 'ìyá yẹn'."

Adérógbà so ẹ̀rọ tirẹ̀ mọ́ ti Bàbá. "Mi ò ní gé nǹkan kan," ló wí. Ó da gbogbo rẹ̀ kọ sínú ẹ̀rọ tirẹ̀. Ewúrẹ́ gan-an bá wọn dé Ìbàdàn.

Láti òwúrọ̀ ni Wúràọlá ti sá bátìrì sóòrùn. Nígbà tó tẹ ẹ̀rọ bàbá rẹ̀, Gàníyù ló kọ́kọ́ ṣí fìlà, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún un. Olórí sọ̀rọ̀, Bàbá dá a lóhùn, àwọn ará Lánlátẹ̀ tún gba èébú tiwọn. A rẹ́rìn-ín títí.

"Bàbá Wúrà! Oúnjẹ ń tutù o!"

"Mò ń bọ̀, Ìyá Wúrà. Jẹ́ kí àgbà yìí parí ọ̀rọ̀ wọn ná."

Ẹ̀rín dá. Kò pẹ́, ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ti olórí, ti Bàbá, gbogbo rẹ̀ ń wúwo lọ díẹ̀díẹ̀. Wúràọlá na ọwọ́, ó pa á.

"Àárẹ̀ ti mú wọn," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi."