Ìdúpẹ́ Tí Àǹtí Ṣadé Fẹ́rẹ̀ẹ́ Dá Jó

Òórùn irun tí wọ́n ń rì bọ omi gbígbóná ni mo fi ń mọ̀ pé Sátidé ti dé. Ẹ̀yin tá a jọ dàgbà ní Peckham, ní London, ẹ mọ òórùn tí mò ń sọ. Wọ́n á ti dì ẹ́ lórí tán, wọ́n á kó ìdí irun yẹn sínú omi híhó kó má bàa tú, òórùn ẹja tútù láti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wa á sì gba ẹnu ọ̀nà wọlé wá bá a. Ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Ṣadé wà lẹ́yìn Rye Lane. Ó kéré débi pé tí ẹni mẹ́ta bá jókòó, ẹnì kẹrin á dúró síta. Àbúrò Mọ́mì mi ni, ìyá kan náà ló bí wọn, àárín orúnkún ẹ̀ ni mo sì ti lo ìdajì ìgbà èwe mi.

"Gbórí ẹ wálẹ̀, Tóyìn. Àbí orí àjà ni kí n ti máa dì í?"

Oníbàárà kan á ní, "Ẹ rọra, ọmọ ọlọ́mọ ni o."

"Ọmọ mi ni. Màmá ẹ̀ kàn bá mi bí i ni."

Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, inú mi á dùn bíi pé wọ́n fún mi ní nǹkan.

Nígbà yẹn, Àǹtí Ṣadé ló ń dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ní òkè ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́bàá Old Kent Road. Tó bá gbé orin, kódà àwọn tó ń sùn á jí. Ìgbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n wá mọ̀ pé Àǹtí Marcia, ọmọ Jàmáíkà tó ń wa bọ́ọ̀sì, tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀, kì í ṣe ẹni tí wọ́n jọ ń san rẹ́ǹtì lásán. Olólùfẹ́ ẹ̀ ni. Pásítọ̀ ní kí Àǹtí Ṣadé dá aṣọ akọrin padà. Mọ́mì ló fọ aṣọ yẹn, òun náà ló lọ̀ ọ́. Kò sunkún, àmọ́ mo rí i tí áyọ́ọ̀nù ń lọ tó ń bọ̀ lójú ibi kan ṣoṣo, títí mo fi rò pé aṣọ yẹn máa jóná.

Àtìgbà yẹn, Mọ́mì àti Àǹtí Ṣadé ṣì ń jẹun pọ̀, wọ́n ṣì ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ṣùgbọ́n tó bá di Sunday, kálukú á gba ọ̀nà tiẹ̀. Àǹtí Ṣadé ti rí ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan, kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin Peckham Rye. Wọ́n ya òṣùmàrè sára ilẹ̀kùn wọn. Wọ́n ní bí Ọlọ́run bá ṣe dá ẹ, bóyá obìnrin tó fẹ́ràn obìnrin ni ẹ́ o, bóyá ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin ni, kó o wọlé, kó o kọrin, kó o gba oúnjẹ alẹ́ Olúwa. Mọ́mì máa ń pè é ní "ṣọ́ọ̀ṣì àwọn tí pásítọ̀ wọn kì í bá wí."

Mo ti pé mọ́kànlá nígbà tí Àǹtí Ṣadé wá sílé wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Mọ́mì ń gé àlùbọ́sà lọ́wọ́. Àǹtí kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ kíṣìnì.

"Sìstá mi, mo máa pé ogójì ọdún. Mo fẹ́ ṣe ìdúpẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá."

"Níbo?"

"Ní ṣọ́ọ̀ṣì mi."

"Ṣadé, mi ò lè wá gba ohun tí mi ò gbà."

"Mi ò ní kẹ́ ẹ gba nǹkan kan. Mo ní kẹ́ ẹ wá. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé igi kan kì í dá igbó ṣe. Màmá ti lọ. Ta ni mo tún ní níbí?"

Mọ́mì kàn ń gé àlùbọ́sà yẹn wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́. Èmi wà ní kọ̀rọ̀ tí mò ń gbọ́. Nǹkan kan wà nípa ara mi tí mo ti ń fura sí, mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí Mọ́mì bá ṣe fún àbúrò ẹ̀ ni mo fẹ́ fi mọ ohun tó máa ṣe fún mi.

Nígbà tí Sunday ìdúpẹ́ yẹn dé, Mọ́mì wọ kóòtù ẹ̀. "Mò ń lọ jókòó ni o. Mi ò lọ jọ́sìn."

Ẹ̀yìn pátápátá la jókòó sí, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Níwájú wa, àwọn bàbá òyìnbó méjì tó fẹ́ra wọn jọ di ìwé orin kan mú. Obìnrin ni pásítọ̀ wọn. Nígbà tó ka ẹsẹ Bíbélì, Mọ́mì tẹ̀ sọ́dọ̀ mi. "Bíbélì kan náà mà ni wọ́n ń kà."

Wọ́n wá pe Àǹtí Ṣadé síta. Ẹ mọ bá a ṣe ń ṣe é láàárín wa. Ẹni tó ń ṣe ìdúpẹ́ kì í dá jó lọ síwájú, gbogbo ẹbí, gbogbo ọ̀rẹ́ ló máa ń tò sẹ́yìn ẹ̀. Tó o bá rí ẹni tó ń dá jó, wàá béèrè pé kí ló ṣe àwọn èèyàn ẹ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yìí, èèyàn dáadáa, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn. Wọ́n jókòó, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Àǹtí Ṣadé nìkan àti Àǹtí Marcia ló wà láàárín, gèlè Marcia ti wọ́, ó sì ń jó bí ẹni tó ń yí bọ́ọ̀sì ní kọ́nà. Àǹtí Ṣadé wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, ó tún wẹ̀yìn. Ẹ̀rín ti ń gbẹ lójú ẹ̀.

"Kí ló dé tí wọn ò dìde?" Mọ́mì bi mí.

"Mọ́mì, wọn ò mọ̀ ni."

"Wọ́n jókòó, ọmọ ìyá mi ń dá jó bí ẹni tí ò ní ará." Ó ju báàgì ẹ̀ sórí ẹsẹ̀ mi. "Dì í mú."

Ó dìde tòun ti kóòtù. Ó fi ijó lé àbúrò ẹ̀ bá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ju apá. Ó wá kọjú sáwọn èèyàn, ó ń fọwọ́ méjèèjì kó wọn bí ẹni ń kó adìẹ wọlé. "Ẹ dìde. Ẹ dìde, jàre." Yorùbá ni o, gbogbo wọn sì gbọ́ ọ. Àwọn bàbá méjì yẹn ló kọ́kọ́ dìde. Kí n tó ṣẹ́jú, pásítọ̀ fúnra ẹ̀ ti wà lórí ìlà. Àǹtí Ṣadé ò lè jó mọ́, ẹkún ló ń sun, ṣùgbọ́n Mọ́mì ń tì í lẹ́yìn lọ síwájú.

Èmi nìkan ni mi ò dìde. Mo rò pé tí mo bá fi lè dìde, gbogbo ayé á mọ irú ẹni tí mo jẹ́.

Lójú ọ̀nà ilé, Mọ́mì ní, "Ohun tí mo gbà tẹ́lẹ̀ ni mo ṣì gbà o." Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó ní, "Wọn ò mọ ijó jó. Wọ́n á kọ́ ọ."

Mo ti pé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n báyìí. Mọ́mì ò kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì Old Kent Road, a ò sì gbà fúnra wa lórí gbogbo nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin èèyàn mi, lọ́sẹ̀ tó kọjá mo jókòó tì í, mo ní, "Mọ́mì, bí Àǹtí Ṣadé ṣe wà, bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe wà." Láti ọjọ́ yẹn, ilẹ̀ ò gba ẹsẹ̀ mi mọ́, ẹ̀rín ń pa mí nínú bọ́ọ̀sì.

Lọ́jọ́ náà, Mọ́mì wò mí títí. "Ta lo ti sọ fún?"

"Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún."

Ó mí kanlẹ̀. "Ẹnu ìyàwó pásítọ̀ ni mo ti gbọ́ ti àbúrò mi, níwájú gbogbo ẹgbẹ́ obìnrin. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, ìyẹn ló dùn mí jù. O ṣé tó o sọ fún mi."

Ọmọ ọdún mọ́kànlá yẹn rò pé adájọ́ ni ìyá òun, ó sì ń sá fún ìdájọ́. Ó gbà mí lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí n tó mọ̀ pé Mọ́mì ti ń dúró de ìgbà tí ẹnì kan nínú wa máa kọ́kọ́ fọkàn tán òun.